Ògiri Kan Tí Èmi àti Ará Ìfọ́n Jọ Mọ

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, n kò sì gbọ́ ọ nínú fóònù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ káàkiri, Òṣogbo ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà, òmíràn wà ní Èkó, òmíràn tiẹ̀ wà nílùú òyìnbó níbi tí yìnyín ti ń bọ́ lé e lórí, tó ń fi ohùn ránṣẹ́ pé báyìí báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ibo ni oòrùn wà nígbà tí páànù àkọ́kọ́ já, ẹ ó rí i pé ẹnu wọn á wọhò. Èmi mọ̀ ọ́n. Oòrùn ti kúrò ní àtàrí, wọn ò sì tíì pe ìrun alásárì. Mo wà níbẹ̀. Mo jókòó lórí táyà mi lódìkejì títì, mo la ojú sílẹ̀ títí ó fi tán.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ìwé yìí. Ìwé kẹrin ni mo dé nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlọ́bù, ẹnikẹ́ni ò sì lé mi jáde, èmi ni mo fi í sílẹ̀ nígbà tí mo rí i pé tíṣà wa ò tíì dé ibi tó jìnnà ju Ìbàdàn lọ rí. Ẹni tó bá mọ̀wé jù mí lọ kó bá mi tún àmì orí ọ̀rọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n kó má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà.

Bàbá mi ti lọ sí Gánà kí n tó dáyé. Ọdún tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa, ó ru ẹrù tó lè rù, ó fi ìyókù sílẹ̀, ó wálé. Ìgbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ lọ sí Àbíjàn, ó ní ọmọ òun kankan ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ àjèjì mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni wọ́n lé. Wọn ò tíì lé èmi." Ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́ gbá mi létí, bàbá mi dá a dúró. Ó wò mí títí, ó ní, "Jẹ́ kó máa lọ. Agídí tó ní yẹn, ó ní ibi tó máa bá a lò ó."

Àbíjàn tí mo wí yìí, Buwaké ni. Gbogbo ilẹ̀ ọ̀hún làwa ará ilé ń pè ní Àbíjàn, ẹni tó wà ní abúlé tí iná mànàmáná ò dé, tó bá ti wà lábẹ́ ìjọba wọn, Àbíjàn ló wà. Mo gba Kùtọnu, Lomé, Akra àti Kùmásí kọjá, ìdí mi wú, àwọn aṣọ́bodè tú àpò mi títí kò fi sí ohun tí wọ́n lè tú mọ́. Ọjọ́ tí mo bọ́ sílẹ̀ ní Buwaké, n kò mọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wọn. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, ebi ń pa mí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé mi ò mọ ibi tí mò ń lọ. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí ẹnì kan pariwo lẹ́yìn mi ní Yorùbá pé, "Yéè, ìka mi o."

Ọ̀dọ́kùnrin bíi tèmi ni, ó ń lẹ túùbù mọ́tò lẹ́bàá ọ̀nà, irin gbígbóná ló jó o lọ́wọ́. Mo súnmọ́ ọn.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Ìfọ́n."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ó gbójú sókè. "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ọmọ Ìlọ́bù ni mí."

Ó gbé irin ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Ṣé ilẹ̀ wa tí ẹ jókòó lé nílé ò tó yín ni, tí ẹ fi tẹ̀lé mi dé Àbíjàn?"

"Ilẹ̀ wa lẹ̀ ń pè ní ilẹ̀ yín," mo ní, "àmọ́ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ ná. Kí lẹ̀ ń jẹ níbí?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ra àtíékè, gààrí tútù tí wọ́n máa ń se níbẹ̀, ó ní kí wọ́n fi ẹja lé e. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo sùn sórí ẹní rẹ̀. Bó ṣe di pé a jọ ń gbé nìyẹn, nínú yàrá kan, láti ìgbà tí irùngbọ̀n ò tíì hù lẹ́nu wa títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ó kọ́ mi níṣẹ́ táyà. Kó tó di ọdún kejì mo ti mọ iṣẹ́ náà jù ú. Ẹ bi í, á jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú rẹ̀ bó bá ṣe ń jiyàn. Àwọn awakọ̀ tó ń kó igi gẹdú kọjá ń dúró dè mí. Tí wọ́n bá dé tí mi ò sí nílé, wọ́n á ní àwọn á sùn sínú mọ́tò di ọ̀la. Wọn kì í dúró de tiẹ̀.

"Ará Ìfọ́n" ni mo ń pè é, "Ará Ìlọ́bù" lòun náà ń pè mí. Àwọn ará Buwaké rò pé orúkọ tí wọ́n sọ wá nìyẹn. Ọmọbìnrin kan tó ń ta omi máa ń kí mi pé, "Monsiyé Aráìlọ́bù." Mo gbà fún un.

Àwa ọmọ Ìlọ́bù ò pọ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ Ìfọ́n náà ò pọ̀. Àwọn Èjìgbò ló pọ̀ bí eéṣú. Àwọn ìlú tó tóbi ní ẹgbẹ́ tiwọn, wọ́n ń pàdé lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ń dá owó òkú, wọ́n ń ṣe ìkómọ. Àwa tí a ò ju ìwọ̀nba lọ, a fi orí ìlú méjèèjì pọ̀, a dá ẹgbẹ́ kan ṣoṣo sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ lè má gbà á gbọ́. Mo wà níbẹ̀. Ìpàdé àkọ́kọ́, kò sí ìjà kankan lórí owó, kò sí lórí ipò. Orí orúkọ wo ló máa ṣáájú ni ìjà wà. Àwa ní Ìlọ́bù àti Ìfọ́n, àwọn ní Ìfọ́n àti Ìlọ́bù. A fi ọ̀sán Àìkú kan gbáko jà lábẹ́ igi dóńgóyárò. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta bàtà dìde tìbínútìbínú, ó gbé àga tirẹ̀ lọ sílé. Ìgbẹ̀yìn ni àgbà kan ní kí Ìlọ́bù ṣáájú lọ́dún yìí, kí Ìfọ́n ṣáájú lọ́dún tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é. Bí Ìfọ́n bá ṣáájú, àwa á máa fi imú fẹ́ atẹ́gùn, ṣùgbọ́n a ó san owó wa.

Nígbà tí ìjà tiwọn dé, tí ìlú Buwaké bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníbọn, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá àlejò kiri. Wọ́n wá sí àgbàlá tí à ń gbé. Wọ́n bi ìyá onílé wa pé ta ni ọmọ ilẹ̀, ta ni kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Obìnrin náà ń gún iyán rẹ̀. Kò dáwọ́ dúró. Ó ní, "Ẹni tó bá ń sùn nílé mi, ọmọ mi ni." Wọ́n dúró títí, ó ń gúnyán, wọ́n sì lọ. Èmi àti Ará Ìfọ́n wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èjìká wa kan ara wọn, mò ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Òun náà ní tèmi ló ń lù. A ṣì ń jà lórí ìyẹn dòní.

Bí ìjà náà ṣe rọ̀, a ní àwa náà á kọ́lé sílé. Ẹni tó bá lọ sí Àbíjàn tí kò kọ́lé, ó kàn lọ najú ni. Bàbá mi ti kú nígbà náà, ó fi oko kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà láàárín ìlú méjèèjì. Ẹ gbọ́ bí Ọlọ́run ṣe máa ń ṣe nǹkan: oko tó bá a pààlà, ti bàbá Ará Ìfọ́n ni. Bàbá tèmi àti bàbá tirẹ̀ ti ń wo ara wọn bí ológbò àti ajá lórí ilẹ̀ náà kí wọ́n tó bí wa. Pèrègún ni wọ́n fi ṣe ààlà, ó tò lọ gbọọrọ, ó ti ga ju èèyàn lọ.

A wálé pọ̀ nígbà Iléyá, a mú bíríkìlà lọ wo ilẹ̀. Ilẹ̀ tèmi tẹ́ẹ́rẹ́ lójú títì, tirẹ̀ náà tẹ́ẹ́rẹ́. Bíríkìlà ní bí oníkálukú bá fẹ́ fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, yàrá á há bí ibojì.

Ará Ìfọ́n wò mí. "Mélòó ni ògiri tó wà láàárín èmi àti ìwọ ní Buwaké?"

"Kò sí," mo ní.

"Tí a bá wá fi ẹyọ kan sí i, ṣé a ò ti ṣàṣejù?"

Bá a ṣe sọ fún bíríkìlà nìyẹn pé kó mọ ògiri kan ṣoṣo sáàárín, ilé tèmi lápá ọ̀tún, ilé tirẹ̀ lápá òsì, kó sì fi òrùlé kan bo méjèèjì láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Bíríkìlà ní òun ti ń kọ́lé láti ìgbà tí òun ti gbọ́njú, òun ò tíì rí ọmọ Ìlọ́bù àti ọmọ Ìfọ́n tó ṣe irú ẹ̀. Mo ní kó fi ojú rẹ̀ jẹun. Ibi tí ògiri yẹn máa gbà gan-an ni pèrègún wà. A ní kí wọ́n hú u.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó gun ọ̀kadà wá. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán.

"Ta ló ní kí ẹ hú pèrègún?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Èèyàn kì í hú pèrègún ààlà. Bí ilé bá wó, bí ọba bá wàjà, pèrègún ló máa sọ pé ibí ni tèmi mọ. O ti yọ ahọ́n ilẹ̀ náà."

"Ògiri á máa sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ògiri le ju ewé lọ."

"Ògiri ta ni?"

"Ògiri wa ni."

Ó ní òun ò ní bá mi ṣí ilé náà. Ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ọjọ́ tí a ṣí i, tí ìmáàmù ìhà ọ̀tún àti ìmáàmù ìhà òsì jọ ṣe àdúà nínú àgbàlá kan, ẹ̀gbọ́n mi wà nílé rẹ̀ ó ń tún ẹnu ọ̀nà tí kò bàjẹ́ ṣe. Inú mi ò bàjẹ́. Ilé náà dára ju tirẹ̀ lọ, gbogbo ayé ló rí i. Yàrá mẹ́ta àti pálọ̀ ló wà lọ́dọ̀ mi, bẹ́ẹ̀ náà ló wà lọ́dọ̀ Ará Ìfọ́n. Páànù rẹ̀ pupa, bí èèyàn bá ń bọ̀ láti Òṣogbo á máa rí i láti ọ̀nà jíjìn.

Nígbà tó yá, ẹ̀yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Táyà gbígbé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣe títí ayé. Mo wálé pátápátá, mo fi Ará Ìfọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù wa ní Buwaké. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ ń gbé Òṣogbo nítorí ilé ìwé, wọ́n ń wá sọ́dọ̀ mi lópin ọ̀sẹ̀. Màmá, ìyá Ará Ìfọ́n, ló ń gbé apá tirẹ̀. Opó àgbàlagbà ni, kò ju ẹja gbígbẹ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. Ó ń sin adìẹ. Láràárọ̀ á dúró lẹ́yìnkùlé, á bi mí pé, "Ará Ìlọ́bù, ṣé o ò tíì kú?" Mo máa ń dáhùn pé, "Màmá, mo ń dúró dè yín ni." Mo gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà sí iwájú ilé, àwọn ọlọ́kadà Ìlọ́bù ń wá, àwọn ti Ìfọ́n ń wá, àwọn ti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ń wá. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé bí mo bá lẹ táyà, ó lẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún dìde. N kò ní sọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Ẹni tó bá ti sọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sí ọlọ́kadà kankan tó wá. Títì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ti ń lọ kiri pé àwọn ọmọkùnrin ìlú méjèèjì ń múra, pé ilé tó wà lójú ọ̀nà ààlà ni wọ́n máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sun.

Àbúrò bàbá Ará Ìfọ́n ló kọ́kọ́ dé, ó wá láti Ìfọ́n pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́. Ó fẹ́ fi sàmì sí ẹnu ọ̀nà Màmá, kí àwọn ọmọ tiwọn lè mọ̀ pé ilé àwọn ni. Mo wà nítòsí, mò ń gbọ́ Màmá.

"Tí ẹ bá kun ún tán, ta ló máa fọ̀ ọ́?"

"Ìyá, ọ̀rọ̀ fífọ̀ kọ́ nìyí. Ẹ̀mí yín là ń sọ."

"Tí mo bá ń wọlé sí ibi tí ẹ kun yẹn, ibo ni Ará Ìlọ́bù á máa wọlé sí?"

"Ìyẹn ò kàn wá."

"Ó kàn mí. Òun ló ń bá mi pọn omi." Ó gbé ọmọ odó. Ọkùnrin náà sáré gun ọ̀kadà rẹ̀.

Kò pẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi dé láti Ìlọ́bù, òun àti ọkùnrin méjì. Wọ́n gbé ọ̀dà dúdú, wọ́n sì gbé ayùn. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó ní kí n dìde, àkókò ò sí.

"Gbogbo ilé ọmọ Ìlọ́bù lójú ọ̀nà yìí la ti sàmì sí. Tìrẹ ló kù."

"Kí ni àmì náà wà fún, ẹ̀gbọ́n?"

"Kí wọ́n má baà ṣèèṣì sun ún."

"Èyí tí wọn ò ṣèèṣì sun ńkọ́?"

Ó nàka sí ayùn. "Ọ̀dà nìkan kọ́ mo mú wá. Mo mọ̀ pé òrùlé yín lẹ̀ mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ayùn wá. A máa gé òrùlé náà láàárín, a máa yọ páànù díẹ̀ kúrò, kí iná tó bá mú apá ibẹ̀ má lè fò dé ọ̀dọ̀ rẹ. Kí oòrùn tó yí, a ti ṣe é tán."

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ti gun àkàbà. Káfíńtà gidi ni, mo mọ ọ́n, òun ló ń kan òrùlé fún ìdajì Ìlọ́bù. Ó fi ọwọ́ kan igi àjà, ó ní, "Á ṣeé ṣe dáadáa." Òótọ́ ló sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èyí yé yín dáadáa, nítorí àwọn tó ń fi ohùn ránṣẹ́ máa ń fo ibí yìí. Wọn ò fi agbára gba ilé mi. Ọ̀nà wà tí mo lè gbà yọ ọ́. Gbogbo ohun tí mo fi ìgbà èwe mi ṣe ní Buwaké, ilé yẹn ni. N kò ní òmíràn. Tí mo bá ní "ẹ gé e", ilé mi wà níbẹ̀ lónìí.

Mo pe Ará Ìfọ́n lórí fóònù níwájú wọn. Mo ṣàlàyé fún un. Kò tilẹ̀ ronú.

"Gé e, Ará Ìlọ́bù."

"Kí n gé kí ni?"

"Gé òrùlé. Kun tìrẹ. Tí ilé kan bá kù, ilé kan kù nìyẹn. Ìwọ ṣáà mú ìyá mi kúrò níbẹ̀."

"Tí o bá dé, ibo lo máa sùn?"

"Lọ́dọ̀ rẹ. Ibo ni mo ti ń sùn tẹ́lẹ̀?"

"Àti pé kí n máa jí láràárọ̀, kí n máa wo eérú rẹ?"

"Má ṣe agídí. Mo bẹ̀ ọ́."

Mo pa fóònù náà. N kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí mo mọ táyà lẹ̀ jù. Mo wo káfíńtà lókè, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé orí rẹ pé?"

"Ó pé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa gbé ayùn yín lọ."

"Nítorí ará Ìfọ́n?"

"Nítorí ara mi. Tí mo bá fọwọ́ mi gé e, èmi ni mo sun ilé rẹ̀. Tí àwọn mìíràn bá sun ún, àwọn ni wọ́n sun ún."

Ó tutọ́ sílẹ̀. Ó ní bàbá wa ni òun máa rò ó fún lọ́run. Mo ní kó bá mi kí i.

Wọ́n lọ. Mo lọ gbé Màmá. Ó ní òun ò lọ síbì kankan láìjẹ́ pé bútà tí òun fi ń ṣe àlùwàlá bá òun lọ, àti àpò aṣọ òun, àti àwọn adìẹ òun. Mo ní adìẹ ò ní lọ. A ja ìjà yẹn títí. Àgbébọ̀ kan ló gbà láti mú, ó fi ìborùn wé e mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, ó gun ọ̀kadà lẹ́yìn mi, a kọrí sí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun.

A ò tíì rìn jìnnà tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan fi igi dí ọ̀nà. Aṣọ wà lójú wọn. N kò lè mọ̀ bóyá tiwa ni wọ́n tàbí tiwọn. Ọ̀kan ní, "Ọmọ ibo ni yín?" Tí mo bá pe Ìlọ́bù, ó lè jẹ́ pé Ìfọ́n ni wọ́n. Tí mo bá pe Ìfọ́n, ó lè jẹ́ pé Ìlọ́bù ni wọ́n. Mo wò wọ́n, mo ní, "Bọ́ǹsúà, mẹ̀síyọ̀," mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Faransé, mo fi èdè Júlà tí wọ́n fi ń nájà ní Buwaké là á, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mò ń bá àwọn awakọ̀ gẹdú sọ nípa táyà ẹ̀yìn àti táyà iwájú. Mo fọwọ́ júwe, mo bínú díẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ń wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Fúlàní ni?" Èkejì ní, "Fúlàní wo ló ń gbé ìyá arúgbó àti adìẹ? Jẹ́ kó máa lọ jàre." Wọ́n gbé igi kúrò.

Nígbà tí a kọjá tán, Màmá fẹnu mọ́ mi létí. "Ṣé ohun tí ẹ lọ kọ́ ní Àbíjàn láti ọjọ́ yìí nìyẹn?"

"Òun ni, Màmá."

"Ọmọ mi ò sọ fún mi pé ẹ̀ ń ṣe ju táyà lọ."

Mo fi í sọ́dọ̀ obìnrin kan tó jẹ́ oníbàárà mi ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Wọ́n ní kí n má padà. Mo padà. Ilé mi ni, kò sẹ́ni tó máa sun ún lẹ́yìn mi. Mo gba inú oko, mo fi ọ̀kadà pamọ́, mo wá jókòó sórí táyà àlòkù lódìkejì títì, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí mi.

Àwọn kan dé láti apá kan, wọ́n ju iná sí ilé Ará Ìfọ́n. Wọ́n rí mi. Ọ̀kan nínú wọn, mo ti fẹ́ atẹ́gùn sí táyà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ó gbójú sílẹ̀. Iná gun òrùlé, ó sì ń rìn bọ̀ wá sí apá tèmi, kò yára, bí ẹni tó mọ̀nà. Ó ti dé agbedeméjì kí àwọn mìíràn tó dé láti apá kejì tìbínútìbínú, wọ́n ní àwọn wá gbẹ̀san. Wọ́n ju iná sí ilé tèmi. Mo sọ fún wọn láti ibi tí mo jókòó sí pé, "Ẹ má dààmú ara yín, ó ti ń bọ̀ fúnra rẹ̀." Wọ́n sì jù ú. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Páànù ń pariwo bó ṣe ń ká. Ògiri àárín yẹn, nítorí pé iná wà níwájú rẹ̀, ó wà lẹ́yìn rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ là.

Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn mí. Bóyá wọ́n rò pé mo ti ya wèrè. Mo dúró títí kò fi sí ohun tí iná lè jẹ mọ́, kí n tó gun ọ̀kadà mi.

Lẹ́yìn náà ni sójà dé, tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé. Ẹ̀gbọ́n mi wá wò mí ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun nígbà tí ọ̀nà ṣí. Ó gbé iṣu wá. Ó jókòó, ó ní, "Ṣé o ti rí i báyìí?"

"Mo rí i, ẹ̀gbọ́n."

"Tí o bá jẹ́ kí n gé e ni."

"Ẹ ṣeun fún iṣu."

Ó mi orí. Kò tíì dáwọ́ iṣu gbígbé wá dúró, kò sì tíì dáwọ́ ọ̀rọ̀ náà dúró. Àwọn kan ní Ìlọ́bù ń pè mí ní ọmọ ìlú méjì. Wọ́n rò pé èébú ni. Mélòó nínú wọn ló ní ẹyọ kan dáadáa?

Ará Ìfọ́n pè mí. Ó ní, "Ilé wa ti jó."

"Ó ti jó."

"Ṣé Màmá jẹun?"

"Ó jẹun, ó sì bú mi lẹ́yìn oúnjẹ."

Mò ń gbọ́ ariwo ọjà Buwaké lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí n máa bọ̀, pé ẹní wa ṣì wà, pé ẹgbẹ́ wa níbẹ̀ ti fẹ́ pín sí méjì, àwọn èèyàn ò fẹ́ jókòó lábẹ́ igi kan mọ́. Mo ní kó sọ fún wọn pé ọdún yìí, Ìfọ́n ló yẹ kó ṣáájú, èmi sì ti fi owó tèmi ránṣẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ pín, kí wọ́n kọ́kọ́ dá a padà fún mi.

N kò lọ. Mo gba yàrá kan fún èmi àti òmíràn fún Màmá ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, mo sì ń lẹ táyà lẹ́bàá títì. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá, láti ìhà méjèèjì, wọn kì í wo ojú ara wọn bí wọ́n bá pàdé níwájú mi, ṣùgbọ́n wọ́n ń tò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni mò ń kọ́kọ́ dá lóhùn.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá láìpẹ́, wọ́n ní àwọn ń bi àwọn tí nǹkan wọn jó léèrè. Wọ́n ní kí n ka tèmi nìkan, àwọn mìíràn máa bi ìhà kejì. Mo ní n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìyẹn. Mo ka ohun tó jó fún wọn. Ohun tó jó nìyí.

Yàrá mẹ́fà. Pálọ̀ méjì. Òrùlé kan. Ògiri kan láàárín. Ilẹ̀kùn onírin méjì, àti ti onígi mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin. Tẹlifíṣọ̀n kan, ti ìyàwó mi. Ẹ̀rọ atẹ́gùn táyà kan, jáàkì méjì. Àwòrán bàbá mi ní Gánà, ẹyọ kan ṣoṣo tó wà. Àpótí aṣọ òkè ìgbéyàwó Màmá. Igi ọsàn méjì lẹ́yìnkùlé. Adìẹ mẹ́jọ.